Àtíkè, Ẹ̀gẹ́ àti Orúkọ Ọ̀gá Lérè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀ mi nílùú Òde-Ayé, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ni, àbí kí n kọ́ kọ̀ǹpútà?", ẹ fa àga sún mọ́ mi. Ẹ fi fóònù sápò ná. Mi ò lè máa sọ ìtàn ayé mi fún orí tó tẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni Mọ́níkẹ́, tí àwọn òṣèré ń pè ní Ìyá Alátíkè. Iṣẹ́ akunjú òṣèré ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí ẹ bá rí ọmọge kan tó di arúgbó nínú fíìmù, tàbí ọkùnrin tí wọ́n ṣá ládàá, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, tí ẹ̀yin náà sì ń pariwo nílé pé "Áà, wọ́n ti pa á o!", irú wa ló wà nídìí ẹ̀. Òṣèré á gba àtẹ́wọ́, àwa á máa fọ kànrìnkàn. Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Ìyá mi ni wọ́n mú mi lọ bá Ọ̀gá Lérè, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà mí. Owó ibẹ̀ ńkọ́? Ó tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá Lérè ni kí a dúró tì. Ọmọ Òde-Ayé níbí ni wọ́n. Wọ́n ti bá ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri rìn jìnnà kí fíìmù tó dé. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọ́n sì le bí ẹ̀kùrọ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú iṣẹ́ kò sì yàtọ̀ sí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú àdúrà. Bí ojú ènìyàn bá ti wà lọ́wọ́ wọn, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀kọ́rọ̀, o ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, o ò gbọdọ̀ yínmú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi kànrìnkàn gbo òṣèré kan lójú bí ẹni ń fọ ìkòkò, ọ̀gá gba kànrìnkàn náà lọ́wọ́ mi.

"Mọ́níkẹ́, ṣé ògiri lo rò pé o ń kùn ni?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ògiri kì í sunkún. Ojú máa ń sunkún. Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn kí o máa wò."

Mo jókòó, mo ń wò, títí ìyá mi fi ń bi mí nílé bóyá ìwòran ni mo lọ kọ́.

Nígbà náà, kò sí gbogbo páànù kéékèèké aláràbarà tí ẹ ń rí lónìí. Ẹfun wà, osùn wà, tìróò wà, èédú wà, àtíkè alágolo wà. Epo pupa tí a lu osùn mọ́ ni ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ Ọ̀gá Lérè di ẹni tí wọ́n ń wá láti Ìbàdàn ni ẹ̀gẹ́. Kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tiwa tí kò mọ pùpùrù, oúnjẹ wa tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n ríbiti, a ó gbé e sórí àjà kí iná fi èéfín yan án. Ọ̀gá Lérè kì í jẹ́ kó dé orí àjà. Wọ́n á bù nínú èyí tó ti kan dáadáa, wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná títí yóò fi fà bí ọ̀dà. Wọ́n á wá fi ìka méjì na awọ ojú òṣèré, wọ́n á fi nǹkan náà pa á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ní kí n máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Bó bá gbẹ, wọ́n á jọ̀wọ́ awọ náà. Háà! Ojú á hunjọ kíá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sórí àpótí á dìde ní bàbá àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ náà gbọ́dọ̀ kan délẹ̀. Èyí tí kò bá tíì kan ṣì ní oró nínú, ó máa ń jẹ awọ ara. Ọ̀gá kì í ka ọjọ́, imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́. Nígbà oòrùn, ó máa ń yá. Wọ́n á ṣí ìdérí ìkòkò, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì bò ó padà láìsọ nǹkan kan. Bí o bá ní, "Ọ̀gá, ó ti tó o," wọ́n á ní, "Ó tó fún ìwọ." Òfin wọn kan sì tún wà tí kò sí ibòmíràn tí mo ti rí irú ẹ̀: ẹni tó bá rẹ ẹ̀gẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi kun ojú ara rẹ̀, kó tó fi kan ojú ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí wọ́n sì fi dán mi wò kí n tó gba ìyọ̀ǹda nìyẹn. Wọ́n ní kí n jókòó sídìí dígí, kí n sọ ara mi di ìyá àgbà, kí n wá lọ ra ata lọ́jà Òde-Ayé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá mi mọ̀, mo tún di ọmọ ẹ̀kọ́ tuntun nìyẹn. Mo kun ojú, mo ró ìró àgbà, mo tẹ ẹ̀yìn, mo mú ọ̀pá dání. Ta ni mo kọ́kọ́ pàdé? Ìyá mi! Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹlépo, wọ́n gbé abọ́ lérí. Mo fẹ́ yà bàrá, ó ti pẹ́ jù. Ìyá mi rí mi, wọ́n sọ abọ́ kalẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ o, Màmá. Ẹ rọra tẹ̀ o, ilẹ̀ ń yọ̀."

Ẹ̀rín gbá mi níkùn mú. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ojú á sán, iṣẹ́ bàjẹ́. Mo fi ohùn ìyá bàbá mi dáhùn pé, "Ọmọ mi, wàá jèrè ọmọ o."

"Àmín o, Màmá. Ẹ bá mi fi Mọ́níkẹ́ mi sádùúrà. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ le."

Ẹ̀rín tó wà níkùn mi di ẹkún lójú kan náà. Mo ṣàdúrà fún Mọ́níkẹ́, ẹ gbọ́, mo ṣe é dáadáa. Nígbà tí mo fọjú tán tí mo jẹ́wọ́ nílé, ìyá mi fa orógùn yọ, wọ́n sì lé mi yí ilé po. "Ìwọ ni mo kúnlẹ̀ fún? Ìwọ ọmọ àná yìí!" Ọ̀gá Lérè gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé kànrìnkàn lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní, "Ó yá, lọ máa kun ojú ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àmì-ẹ̀yẹ, torí mo mọ̀ pé òun lẹ̀yin ń wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni àmì-ẹ̀yẹ. Ìgbà tí fíìmù wọnú kásẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ilé ń rà á, ni ẹgbẹ́ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í fi ère dídán ta ara wọn lọ́rẹ. Ojú ẹsẹ̀ náà làwọn tó ti ń jẹun nínú àwo kan náà di ọ̀tá. Àwọn méjì tó gbóná jù nígbà náà ni Dèjì, ẹni tó ń ṣe fíìmù lọ́dọ̀ wa níbí, àti ẹnì kan láti Ìbàdàn. Ẹ ó rí i pé mi ò fi "wọ́n" pe Dèjì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí ẹ̀.

Dèjì gbé fíìmù kan wá sí Ìkọ̀yà, ìtàn ọba kan tí àìsàn kọlù lójú. Tàjú ló ń ṣe ọba náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, tó lẹ́wà, tí gbogbo obìnrin ń sá tẹ̀lé. Ọ̀gá Lérè ti rẹ ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú, kò tètè kan. Ìròyìn wá dé pé ti ará Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọjọ́ tí wọn óò ti ilẹ̀kùn ìdíje sì ti sún mọ́lé.

Dèjì ní, "Ọ̀gá Lérè, òní la máa yà á."

Ọ̀gá ní, "Kò tíì kan."

"Ṣé nítorí omi ẹ̀gẹ́ ni kí n ṣe pàdánù àmì-ẹ̀yẹ?"

"Dèjì, ojú ènìyàn ni. Fi sílẹ̀ títí ọ̀la."

A rò pé ó ti gbọ́. Èmi àti ọ̀gá lọ sí Erínjẹ láti lọ wá àdí tí a fi máa ń ṣí nǹkan náà kúrò lójú. Kí a tó dé, Dèjì ti ní kí àbúrò rẹ̀ bu ẹ̀gẹ́ náà, kó pò ó, kó fi kun ojú Tàjú. Ó tún gbé ọmọ ọlọ́mọ jókòó sínú oòrùn kó lè yá gbẹ. Nígbà tí a wọlé, igbe Tàjú la kọ́kọ́ gbọ́. Ojú ti wú, ó ti pọ́n, ipéǹpéjú ti dì. Ọ̀gá sáré mú àdí, wọ́n ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, èmi ń sunkún. Kí ni Dèjì ń sọ lẹ́yìn wa? "Ẹ má pa kámẹ́rà o! Ẹ máa yà á!"

Mo bínú lọ́jọ́ yẹn débi pé mo sọ abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Ó bà á níwájú orí. Mi ò tíì kábàámọ̀ rẹ̀ di òní.

Tàjú lọ sílé ìwòsàn, ara rẹ̀ yá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Ọlọ́run ò jẹ́ kí ojú fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi wọ́n léèrè ohun tó fà á, Dèjì ní, "Ẹ̀gẹ́ Lérè ni." Irọ́ tó fi òótọ́ bora, òun ló burú jù. Ẹgbẹ́ pe ọ̀gá, wọ́n ní kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ọ̀gá ní, "Èmi ni mo rẹ ẹ́. Ó yẹ kí n gbé e dání lọ sí Erínjẹ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀gá ní àwọn ò ní bá ọmọdé pín ẹ̀bi. Èmi sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ta ni yóò gbọ́ ti ọmọ iṣẹ́? Wọ́n yọ orúkọ ọ̀gá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọ̀gá padà sí Òde-Ayé, wọ́n ń kọ ẹyìn, wọ́n ń ṣe pùpùrù tà.

Ẹ wá gbọ́ ìyàlẹ́nu. Fíìmù yẹn gba àmì-ẹ̀yẹ. Ti kí ni? Ti ìkunjú! Àwọn adájọ́ ní àwọn ò tíì rí ojú aláìsàn tó dà bí òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tó wú ní tòótọ́, ṣé kò ní dà bí òótọ́ ni? Dèjì gun orí ìtàgé, ó gbé ère náà sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ìyàwó rẹ̀. Kò dárúkọ akunjú kankan. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí iná jó ńkọ́?

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń wá nídìí iṣẹ́ yìí: kí wọ́n pe orúkọ Ọ̀gá Lérè lórí ìtàgé, kí etí wọn gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.

Mo lọ sí Èkó, mo ṣiṣẹ́. Ohun tí ojú mi rí nídìí àmì-ẹ̀yẹ, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Ẹgbẹ́ pín sí méjì, oníkálukú dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀, bí o bá gba ti apá kan, apá kejì ò ní pè ọ́ síṣẹ́ mọ́. Mo rí àwọn tó ń di ẹja gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ lọ sílé adájọ́. Mo rí òṣèré kan tó ti dìde, tó ń ká agbádá sí èjìká, kí wọ́n tó pe orúkọ ẹlòmíràn. Ó ní ilé ìtọ̀ lòun ń lọ. Lọ́dún kan, onífíìmù àti olùdarí jìjà du ère kan níwájú gbogbo ènìyàn, àfi gbàǹgà! Orí ère wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, àwọn méjèèjì sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ti àwa akunjú ńkọ́? Wọ́n máa ń pe tiwa nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun. Ẹni tó ni fíìmù ni yóò lọ gbà á, yálà ó mọ ẹni tó ṣe é tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ náà ń yí padà. Rọ́bà olómi tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀gẹ́ dé láti òkè òkun, ó dáa, kì í rùn. Kámẹ́rà tuntun dé, ó ń rí ihò ara kọ̀ọ̀kan, kíkùn tó nípọn ò ṣeé ṣe mọ́. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà lè fi ọgbẹ́ sójú ènìyàn láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní iṣẹ́ wa ti kú. Irọ́ ni o. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ń lo kọ̀ǹpútà àti kànrìnkàn pọ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kọ́ èyí tí mo lè kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ wọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sójú ẹlòmíràn ohun tí ẹ ò lè fi sójú ara yín.

Tàjú náà ti di bàbá òṣèré. Kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọ̀gá Lérè. Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, ó rí ẹ̀gẹ́ nínú abọ́ mi, ó fò sókè bí ẹni rí ejò.

"Mọ́níkẹ́! Ìwọ náà fẹ́ pa mí?"

Mo ní, "Bùọ̀dá Tàjú, ẹ jókòó. Ọwọ́ ta ló fi ẹ̀gẹ́ ọjọ́ yẹn sí yín lójú?"

"Àbúrò Dèjì ni."

"Ọ̀gá Lérè dà nígbà náà?"

Ó ronú. "Mi ò rí wọn."

"Ẹ lọ bi àbúrò Dèjì pé kí ló dé tí ẹ ò rí wọn."

Ó ní kí n gbé abọ́ náà kúrò lójú òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti bómi lọ.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ kan nínú méjèèjì ní àwọn fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ayé dá mi lọ́lá, ní gbọ̀ngàn ìlú ní Òkìtìpupa. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní màá gbà á bí wọ́n bá kọ́kọ́ pe orúkọ Ọ̀gá Lérè. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ẹgbẹ́ ti yọ wọ́n. Mo ní ó dáa, ẹ máa gbé ère yín lọ. Ẹgbẹ́ kejì gbọ́ ní Èkó, wọ́n sáré pè mí: "Màmá, ẹ wá gba tiwa, a ó pe orúkọ tó bá wù yín, kí ojú lè ti àwọn yẹn." Mo ní, "Orúkọ ọ̀gá mi kì í ṣe òkúta tí ẹ ó fi máa ju ara yín." Mo pa fóònù. Àwọn ọmọ mi ní mo ti sọ oore nù sígbó. Oúnjẹ ò wù mí, torí Ọ̀gá Lérè ti darúgbó gan-an, mo sì mọ̀ pé àyè mìíràn lè má yọ mọ́.

Àfi bí mo ṣe rí mọ́tò ńlá kan níwájú ilé ọ̀gá ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tàjú ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá lọ́rùn rẹ̀. Ó ti bi àbúrò Dèjì, ìyẹn sì ti jẹ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo bú yín káàkiri."

Ọ̀gá ní, "Dìde. Wá níbí kí n wo ojú ọ̀hún." Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ipéǹpéjú rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó san dáadáa. Mo máa ń ṣàdúrà lé e lórí." Tàjú, bàbá ńlá yìí, ké bí ọmọ ọwọ́.

Tàjú fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹgbẹ́. Ta ni yóò kọ̀ fún Tàjú? Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, ní ọ̀sán gangan, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tàjú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkọ̀yà láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó wá ní, "Ẹ bá mi dìde fún bàbá wa, Akínlérè Ọmọ́gbèmí."

Wọ́n dìde. Gbogbo wọn dìde. Àwọn tó wá láti ẹgbẹ́ kejì, tí wọ́n fara pa mọ́ sẹ́yìn, dìde. Dèjì náà, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, gbé ère ọjọ́sí wá láti pálọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, orí mi gbóná nígbà náà, ìdíje ń pa mí bí ọtí. Ẹ gba nǹkan yín."

Ọ̀gá wo ère náà sókè sódò. "Kì í ṣe tèmi. Èmi ò mú ojú ènìyàn wú rí. Ẹ̀gẹ́ ló ṣe é, ẹ gbé e lọ fún ẹ̀gẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé gbọ̀ngàn. Dèjì náà rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀gá fà á dìde. Kí a tó túká, alága ẹgbẹ́ kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá kun ojú ni wọn óò máa pè wá gba àmì-ẹ̀yẹ ìkunjú. Wọ́n gbé tèmi lé mi lọ́wọ́, mi ò rántí ohun tí mo sọ.

Bí mọ́tò ṣe ń gbé wa padà sí Òde-Ayé, ọ̀gá pa ojú dé, mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Mọ́níkẹ́."

"Ọ̀gá."

"Ariwo yẹn pọ̀. Ṣé wọ́n pè é délẹ̀?"

"Wọ́n pè é délẹ̀, Ọ̀gá. Akínlérè Ọmọ́gbèmí."

"Orúkọ bàbá mi náà?"

"Ó wà níbẹ̀, Ọ̀gá."

Wọ́n fi orí ti àga. "Tún un pè kí n gbọ́."

Mo tún un pè. Mo ń pè é títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn.